OGUN ÀGBỌ́TẸ́LẸ̀: ÌMÚRASÍLẸ̀ FÚN PÀJÁWÌRÌ NÍNÚ ILÉ ẸNI TÍ OWÓ RẸ̀ MỌ NÍWỌ̀N

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, mo bi í pé lórí kí ni. Ó ní ohunkóhun tó bá wù mí, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ṣiṣẹ́ panápaná rí. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ẹ sì mọ bí owó ìfẹ̀yìntì ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ojú mi ló rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ìwé kan. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wọ ilé ìgbé, wọ́n fún àwọn òbí wa ní ìwé tí wọ́n to ẹrù sí: garawa kan, àdá kan, ọkọ́ kan, àtùpà kan, àgádágodo méjì, abẹ́rẹ́ àti òwú. Bàbá mi ka ìwé náà títí, ó ní, "Ṣé ogun ni wọ́n ń lọ jà ni?" Ṣùgbọ́n ó rà á díẹ̀díẹ̀, láti ọjà kan sí èkejì. Nígbà tí a débẹ̀ tí omi ò yọ, tí iná lọ, tí bọ́tìnnì já, a rí i pé ẹni tó kọ ìwé yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ sì rántí garawa pupa tí wọ́n bu yanrìn sí lẹ́nu ọ̀nà dọ́mítìrì. Àwa ò mọ̀ ju ká máa tutọ́ sí i lọ. Ọ̀gá ilé ìgbé á ní, "Lọ́jọ́ tí iná bá sọ, itọ́ yín lẹ ó fi pa á." A ó máa rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, ẹ rántí bí ìlú ṣe rí. Ìjọba ti yí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Àwọn èèyàn ò gba ti àtijọ́ mọ́, tuntun ò sì tó nǹkan níta. Ènìyàn á lówó ní báńkì, kò ní rí ti àkàrà mú dání.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù yẹn, iná lọ ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Mo bu kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo rọ díẹ̀ sínú àtùpà, mo sì gbé ìyókù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, rí ìgò tó mọ̀, ó gbé e mu. Ikọ́ rẹ̀ ni mo gbọ́.

Ẹ̀yin ará, orí mi dà rú. Mo sáré bu epo pupa, mo dà á sí ọmọ lẹ́nu kí ó lè bì í. Ohun tí ìyá mi máa ń ṣe nìyẹn. Ọmọ bì lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èébì yẹn ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè-sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Mo wá tọ́ọ̀ṣì, bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo wá káàdì ilé ìwòsàn ọmọ, mi ò rí i. Ọlọ́kọ̀ tó wà nítòsí wa ní òun ò gba tíránsífà, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já òun kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Gbogbo owó tó wà lápò mi ò ju ₦150 lọ.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan ń gbé ní òpópó kejì sí tiwa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàárín yín níbí. Ìyàwó mi sáré lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú agolo mílíìkì àtijọ́ kan. Owó ló wà nínú rẹ̀: ₦100, ₦50, ₦20, tó ti ń jù síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wàhálà owó tuntun ò kan irú owó yẹn. Òun la fi wọ ọkọ̀. Òun náà la san fún ilé ìwòsàn kan, tí wọ́n ní àfi ká kówó sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ.

Dókítà bi mí pé kí ni mo fún un. Mo sọ. Ó mi orí. Ó ní kẹrosíìnì tó gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró ni ewu rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wà nínú ikùn lọ, èébì ló sì máa ń gbé e lọ síbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún la lò, ọ́síjìn wà nímú ọmọ. Ọlọ́run yọ wá. Ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, kò sì jẹ́ kí n sinmi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe àìlówó ló fẹ́ẹ́ gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ wa. Àìmúra ni. Ọ̀rẹ́ wa tó ni agolo ò lówó jù mí lọ, owó ìfẹ̀yìntì lòun náà ń gbà. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá, ohun tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwa tí owó wa ò pọ̀ ni arọ yìí.

Nítorí náà mo jókòó, mo kọ ìwé ẹrù tuntun, irú èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ wa fún bàbá mi. Ohun kan lóṣù ni mo ń ṣe. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ dà kọ.

Èkíní ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe bu kẹrosíìnì, bẹntiróòlù tàbí oògùn ìfọṣọ sínú ìgò tí a fi ń mu nǹkan. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ sí ibi gíga tí ọwọ́ ọmọ ò tó. Bí ọmọ bá ti gbé e mu, ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá dà sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, kí ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Èkejì ni agolo owó. Ẹ ṣe é bí ẹni ń dá àjọ. Owó kéékèèké ni kẹ́ ẹ fi sí i, nítorí kò sí ọlọ́kọ̀ tó ní ṣéńjì lóru. Bí ẹ bá mú nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Agolo yìí kì í ṣe ti ọdún, kì í ṣe ti aṣọ ẹbí.

Ẹ̀kẹta ni àpò ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rántí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa gbé ilé àti ènìyàn lọ n'Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìkún omi tún ṣe irú rẹ̀. Ẹni tí omi gbé ìwé ilẹ̀ rẹ̀ lọ mọ ohun tójú rẹ̀ rí lẹ́yìn náà. Ẹ di ìwé ilẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìfẹ̀yìntì àti káàdì ilé ìwòsàn sínú ọ̀rá nínípọn, kí ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ti lè mú un kíá.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Ẹ dá garawa yanrìn padà! Yanrìn gbígbẹ, ẹ jọ̀ọ́, láìsí itọ́. Bí epo bá gbiná nínú ìkòkò, ẹ má da omi sí i, iná yóò fò ni. Ẹ pa ìdáná bí ọwọ́ bá tó o, kí ẹ fi ọmọrí ìkòkò dé e. Bí wáyà bá ń jó, ẹ kọ́kọ́ pa iná ilé láti orí mítà, ẹ má lo omi. Ẹ má rọ kẹrosíìnì sí àtùpà tó ń jó, nítorí a ti rí èyí tí wọ́n po bẹntiróòlù mọ́. Ẹni tí iná bá jó, ẹ da omi tútù sójú ibẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i.

Ẹ̀karùn-ún ni gáàsì àti jẹnẹrétọ̀. Gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn, wọ́n ń fi òórùn yẹn sí i kí a lè mọ̀ bó bá ń jò ni. Nígbàkígbà tí ẹ bá ro gáàsì, ẹ fi omi ọṣẹ pa orí sìlíńdà àti rọ́bà rẹ̀. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ nínú ilé, ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì. Ẹ pa orí sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo yín jáde. Èéfín jẹnẹrétọ̀ burú ju gáàsì lọ, nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ti pa ìdílé lójú oorun. Ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé, òjò ì báà máa rọ̀.

Ẹ̀kẹfà ni àpótí oògùn: báńdéèjì, oògùn ibà tí dókítà fọwọ́ sí, tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣiṣẹ́, àti páálí ORS kan tàbí méjì fún ìgbẹ́ gbuuru. Bí ORS ò bá sí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ lítà omi mímọ́ kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà pẹrẹsẹ. Ọ̀rá omi 50cl méjì ló pé lítà kan. Ẹ má bu iyọ̀ jù.

Èkeje ni ènìyàn. Ẹ kọ nọ́ńbà aládùúgbò méjì, ti panápaná àgbègbè yín àti ti ọlọ́kọ̀ kan sára ògiri, nítorí fóònù tó ti kú ò mọ nọ́ńbà kankan. Ẹ kọ 112 sí i, òun ni nọ́ńbà pàjáwìrì ọ̀fẹ́ fún Nàìjíríà. Ní Èkó, 767 náà wà.

Mo fẹ́ kí ẹ tún mọ ohun kan. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù tí ì báà fà á. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ǹ bá ti sọ ọ́. Ẹ máa sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú agolo yín dání.

Alága, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Kí ẹgbẹ́ wa tẹ ìwé orúkọ, kí á fi àdúgbò tò ó, kí oníkálùkù mọ ẹlẹgbẹ́ tó sún mọ́ ọn jù. Nínú wa, àwọn kan ti di opó, àwọn kan ń dá gbé, ọmọ wọn wà lókè òkun. Òru kan ń bọ̀ tí wọn yóò ní láti kan ilẹ̀kùn ẹnìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọn yóò kàn.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, èmi ni ọ̀gá ilé ìgbé. Màá bi yín níkọ̀ọ̀kan pé níbo ni agolo yín wà. Ẹni tí kò bá ní, á kúnlẹ̀ síwájú àwọn olùkọ́ wa.

 Ewu iná kì í pa àwòdì. Kò ní pa wá o.