Owó Ọkọ̀ àti Owó Ẹrù: Èrò inú Ọkọ̀ Òfurufú Olówó Pọ́ọ́kú àti Òfin Ẹrù

 

1. Ìfáárà

Nígbà tí mo dáhùn pé orí ẹrù àti ọkọ̀ òfurufú ni n ó sọ̀rọ̀ lé, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí léèrè pé kí ni ó kan onímọ̀ èdè nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fò lójú sánmà. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni òfin ẹrù kí ó tó di ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Kí ni ẹrù? Kí ni ẹrù ọwọ́? Bí a bá ní owó ọkọ̀ jẹ́ iye báyìí, kí ni owó náà rà, kí sì ni kò rà? Ẹni tí ó bá ní àṣẹ láti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó di okùn àpò owó èrò mú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí èrò san owó lórí ẹrù rẹ̀. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà ni ibi tí a ti ń sọ iye owó náà fún un, àti ìgbà tí a ń sọ ọ́.

2. Ohun tí ojú mi rí

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú láti London lọ sí Dublin ní ilẹ̀ Ireland. Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín. Ìyá àgbà kan, ọmọ Yorùbá, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ni ó wà níwájú mi lórí ìlà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Dublin, ó sì ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Àpò aláṣọ kan ni ó gbé dání. Ìró mẹ́ta, aṣọ ọmọ tuntun, àti èlùbọ́ tí a fi ọ̀rá dì ni ó wà nínú rẹ̀. Àpò náà yọ ikùn bí aboyún.

Lẹ́nu ọ̀nà tí a ń gbà wọ ọkọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ ní kí ó ti àpò náà bọ inú àpótí onírin kan. Àpò náà kò wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí ó san 60 pọ́n-ùn. Bẹ́ẹ̀ ni 24 pọ́n-ùn ni a san lórí ìrìn-àjò náà gan-an. Bí ìyá náà ti ké 'Yéè!', ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó sì fi èdè Yorùbá dá a lóhùn. Ọmọ wa ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi iṣẹ́ náà wá owó ilé-ìwé.

'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, Màmá,' ni ó wí. 'Kì í ṣe èmi ni mo ṣe òfin. Bí n kò bá gbà á lọ́wọ́ yín, èmi ni wọn yóò bi.'

'Mo gbọ́, ọmọ mi,' ni ìyá náà fèsì. 'N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni ọmọ mi ti ra ìwé ọkọ̀ fún mi. N kò rí àpótí onírin yìí rí àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ wọn ẹrù mi, ẹ kò bá mi ná an.'

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó rọra ní, 'Màmá, bí ẹ bá lè dín in kù, kí ẹ tún un tì bọ̀ ọ́ wò.' Ìyá náà ró ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé èyí tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Èmi gba èlùbọ́ sínú àpò tèmi, nítorí ẹ̀wù kan àti ìwé díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Àpò náà wọ àpótí onírin. Ọmọbìnrin kan tí ó wà lẹ́yìn wa kò rí ẹni tí yóò bá a gbé nǹkan. Ó san tirẹ̀ tẹkún-tẹkún.

Ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Èlùbọ́ náà kò dín kù. Ìró náà kò fúyẹ́ sí i. Gbogbo ohun tí ìyá náà gbé wá ni ọkọ̀ náà gbé dé Dublin. Bí ó bá ṣe pé ìwúwo ni a ń gba owó lé lórí, owó náà ì bá wà síbẹ̀. Kí wá ni a ń tà fún èrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn?

3. Bí owó ọkọ̀ ṣe já wálẹ̀

Kí á tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìjọba àti àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni ó ń fi ẹnu kò lórí iye tí èrò yóò san láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Owó náà ga, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ẹrù wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1977, Freddie Laker, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá Skytrain sílẹ̀ láti London sí New York ní 59 pọ́n-ùn ní àlọ nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun yóò san owó oúnjẹ lọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wó ní oṣù Kejì 1982, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là kò dí. Ní 1978, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó mú ọwọ́ ìjọba kúrò lórí owó ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé. Ryanair gbéra ní Ireland ní 1985. Ní 1995, easyJet ń ta ìjókòó láti Luton sí Glasgow ní 29 pọ́n-ùn. Nígbà tí ó di 1997, ilé-iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lè fò láti ìlú kan sí èkejì níbikíbi láàárín àjọ náà.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá kò ṣòro láti lóye. Irú ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, kí àwọn awakọ̀ àti àwọn atúnkọ̀ṣe má baà kọ́ iṣẹ́ méjì. Wọ́n ń balẹ̀ sí pápá tí ó jìnnà sí ìgboro, níbi tí owó ìbalẹ̀ kò ti pọ̀. Wọ́n fún ìjókòó mọ́ra wọn: 189 ni Ryanair tò sínú Boeing 737-800. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ nílẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kì í pa owó. Ẹrù sì ni ọ̀tá ìyára. Ẹnì kan ni yóò gbà á, ẹlòmíràn ni yóò dì í sínú ikùn ọkọ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì tú u.

Ìdí nìyí tí Ryanair fi bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lórí ẹrù inú ikùn ọkọ̀ ní 2006. Nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní 2008, American Airlines náà bu 15 dọ́là lé ẹrù àkọ́kọ́. Èrò gbọ́n, wọ́n kó ẹrù wọn sọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì gbọ́n tẹ̀lé wọn. Ní 2010, Spirit ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lórí ẹrù ọwọ́ tí a ń gbé sí àjà òkè orí. Ryanair ṣe irú rẹ̀ ní 2018. Láti ìgbà náà, àpò kékeré tí ó lè wọ abẹ́ ìjókòó nìkan ni ó kù lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó ra ìwé ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù. Southwest, tí ó ti fi ẹrù ọ̀fẹ́ ṣe ìpolówó ọjà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá fi í sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2025.

N kò sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò ní àwíjàre. Bí owó ẹrù bá wà nínú owó ọkọ̀ gbogbo ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ìwé kan ṣoṣo rìn yóò máa bá oníṣòwò san owó àpótí mẹ́ta. Owó pọ́ọ́kú sì ni ó jẹ́ kí ìyá yẹn rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ tí a bí i. Ẹni tí ó bá bú u pátápátá kò ṣe òtítọ́.

4. Ohun tí gáréèjì fi kọ́ wa

Owó ẹrù kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Ẹni tí ó bá wọ bọ́lẹ́kájà rí, tàbí tí ó bá ìyá rẹ̀ ná ọjà oko, mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni owó ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni owó ẹrù. Dírẹ́bà yóò wo apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò gàrí, yóò dá iye lé e. Oníṣòwò yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn yóò jọ ná an títí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹrù wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ èrò wà nílẹ̀, ọkọ̀ mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn agbèrò ń rẹ́ ènìyàn jẹ ní gáréèjì. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta wà nínú àṣà yẹn tí ó sọ ọ́ di àdéhùn: ojú rí ẹrù, ẹnu sọ iye, ẹsẹ̀ sì lè yà.

Ẹ jẹ́ kí á fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ta ìwé ọkọ̀, ojú kò rí ẹrù. Ẹnu sọ iye lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti sọ ọ́, lẹ́yìn ojú-ewé mélòó kan. Iye ọjọ́ tí a ra ìwé ọkọ̀ sì yàtọ̀ sí iye ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ kò lè yà mọ́, nítorí a ti san owó tí wọn kì í dá padà, a ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, ọkọ̀ sì ti fẹ́ gbéra. Ìdáhùn sí ìbéèrè mi nìyí: kì í ṣe ìwúwo ni a ń tà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àìlèpadà-sẹ́yìn èrò ni a ń tà fún un. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ibi tí ó wúwo hàn án kí ó tó gbé e.

5. Ohun tí òfin wí

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé-ẹjọ́ gíga Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ kan tí ó kan Vueling, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Spain. Ó ní ilé-iṣẹ́ lè gba owó ọ̀tọ̀ lórí ẹrù inú ikùn ọkọ̀, nítorí èrò lè rìn láìní irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹrù ọwọ́ kò ṣeé yà kúrò lára ìrìn-àjò. A kò gbọdọ̀ bu owó lé e, bí ìwúwo àti títóbi rẹ̀ bá ti mọ níwọ̀n, tí kò sì rú òfin ààbò.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni ó di! Ta ni yóò sọ èyí tí ó mọ níwọ̀n? Títí di 2025, àpò ọ̀fẹ́ Ryanair kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 sí 25 sí 20 lọ, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 40 sí 30 sí 20. Ti easyJet jẹ́ 45 sí 36 sí 20. Bí èrò bá fi ọkọ̀ kan lọ, tí ó fi èkejì bọ̀, àpò rẹ̀ lè jàre ní àárọ̀ kí ó jẹ̀bi ní alẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ìjọba Spain bu owó ìtanràn 179 mílíọ̀nù yúrò lé ilé-iṣẹ́ márùn-ún lórí owó ẹrù ọwọ́ àti àwọn ìwà mìíràn tí ó fara pẹ́ ẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Òfin mìíràn wà tí ó yẹ kí gbogbo èrò mọ̀. Àdéhùn Montreal ti 1999, tí Nàìjíríà náà wọ̀, de àwọn ilé-iṣẹ́ lórí ẹrù tí ó bá sọnù, tí ó bàjẹ́, tàbí tí ó pẹ́ dé nínú ìrìn-àjò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Bí ẹrù tí a fi lé wọn lọ́wọ́ bá bàjẹ́, kí èrò kọ ìwé ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ 7. Bí ó bá pẹ́ dé, ọjọ́ 21 ni, láti ọjọ́ tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí a kò rí i, èrò lè béèrè ẹ̀tọ́ ẹrù tí ó sọnù. Àdéhùn yìí kò yọ ẹni tí ó san owó pọ́ọ́kú sílẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá gba àpò ọwọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà láti gbé e sínú ikùn ọkọ̀, ẹ yọ oògùn àti ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ẹrù náà.

6. Ìkádìí

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, kí iye owó ọkọ̀ àti iye owó ẹrù jọ wà lójú kan náà kí èrò tó san kọ́bọ̀. Èkejì, kí òdiwọ̀n àpò ọwọ́ jẹ́ ọ̀kan náà láàárín gbogbo ilé-iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí iye tí a ń gbà lẹ́nu ọ̀nà má ju iye ọjọ́ ìrajà lọ kọjá ohun tí iṣẹ́ àfikún náà ná wọn.

Iṣẹ́ kan tún kù fún àwa tí a wà níhìn-ín. Àwọn òbí wa ń fi ìwé ọkọ̀ tí ọmọ rà fún wọn rìn, nínú èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kà. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ra ìwé ọkọ̀ fún ìyá yín, ẹ ka òfin ẹrù sí i létí ní Yorùbá, kí ẹ sì wọn àpò rẹ̀ nílé. Àwa olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á túmọ̀ irú òfin báwọ̀nyí sí èdè tí yóò yé wọn.

Nígbà tí a balẹ̀ sí Dublin, ìyá náà gba èlùbọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì ní dandan, n ó wá jẹ àmàlà níbi ìsọmọlórúkọ. Mo lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi.