Irú Ẹran Wo Ni Ó Wà Nínú Ìkarawun?

Bí àgbẹ̀ kan ní Okokomaiko bá fẹ́ gbin àgbàdo, kì í ṣòro fún un láti mọ irúgbìn tí ó ń rà. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò rẹ̀ bá gbèrò láti gba Ọ̀jọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi kí ó lọ máa sìn ọ́ísítà, ìyẹn ẹran inú ìkarawun aláwẹ́ méjì tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà níbi tí iyọ̀ òkun bá dé, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ́ísítà kéré bí èékánná, irú kan sì jọ èkejì. Ohun tí ó tún ń da ojú rú ni pé ibi tí ẹran náà bá lẹ̀ mọ́ ni ó ń fún ìkarawun rẹ̀ ní ìrísí: èyí tí ó há sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gùn tín-ín-rín, èyí tí ó rí àyè yóò fẹ̀. Ọmọ ìyá méjì lè má jọ ara wọn rárá.

Abájọ tí orúkọ rẹ̀ fi pọ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Michel Adanson, ará Faransé, tí ó rí i ní Sẹ̀nẹ̀gàl, pè é ní gasar nínú ìwé rẹ̀ ti 1757. Lamarck pè é ní tulipa ní 1819. Nígbà tí Sandison àti Hill kọ̀wé lórí èbúté Èkó ní 1966, Gryphaea gasar ni wọ́n kọ. Ní Bràsíl, ní òdìkejì òkun, brasiliana ni ọ̀pọ̀ ìwé pè é.

DNA ni ó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àkọsílẹ̀ àbùdá ni, èyí tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ a gé díẹ̀ lára ẹran náà, wọn a mú apá kékeré kan nínú DNA rẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, wọn a sọ ọ́ di púpọ̀, wọn a sì ka ètò rẹ̀ bí ẹni ń ka oríkì ìdílé. Ní 2002, Sylvie Lapègue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà yìí rí i pé gasar ti ilẹ̀ Áfíríkà wà ní etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà pẹ̀lú.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni èyí ti wúlò. Ní Bràsíl, gasar àti irú mìíràn tí à ń pè ní rhizophorae jọ ń gbé omi kan náà, rhizophorae kì í sì í tóbi tó o. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì kó o sínú agbọ̀n lè tọ́jú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ti ṣòfò. Àyẹ̀wò DNA lè fi hàn nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́, kò jìnnà sí Okokomaiko, ó sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ẹja. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí aládùúgbò yẹn kọ́kọ́ yà kí ó tó náwó lé agbọ̀n. Ṣùgbọ́n DNA kò lè da iyọ̀ sómi. Sandison àti Hill ti fi ibi tí ọ́ísítà ń gbé wé ìwọ̀n iyọ̀ inú omi. Nígbà òjò, omi odò Yewa a máa ya wọ omi Badagry, iyọ̀ a sì dín kù. Kí ó wọn iyọ̀ omi tirẹ̀ láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹwàá ná, kí ó tó béèrè irú ọmọ tí òun yóò kó sí i.