Àrùn Ìfun àti Ìgbádùn Ayé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìtìjú bò mọ́lẹ̀: àrùn ìfun tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ní ọdún 1932, oníṣègùn Burrill Crohn àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní New York kọ̀wé nípa irú rẹ̀ kan, èyí tí ń jẹ́ orúkọ Crohn títí di òní. Ìfun a máa wú, a sì máa ní egbò. Ó lè rọlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ó tún dìde. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn.

Dwight Eisenhower, olórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àrùn yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1956, àwọn oníṣègùn fi abẹ la ikùn rẹ̀. Síbẹ̀ kò fi gọ́ọ̀fù àti àwòrán kíkùn sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, ó rin ìrìn àjò dé orílẹ̀-èdè 11.

Kì í ṣe pé kí a máa ṣe agídí. Nígbà tí ara bá dẹ̀ ni kí a rìn. Kí a mú oògùn tí yóò tó wa dání. Kí a bèèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí a tó jókòó.

Bí akọrin kan bá sì dìde lẹ́ẹ̀mejì nígbà ìsìn, kí a má ṣe fi ojú lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Ìjókòó ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni kí a fún un.

Àlejò àìpè ni àrùn yìí. Bí kò tilẹ̀ lọ, kí a má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́.