Bí Aláìsàn Jẹjẹrẹ Kò Bá Lè Jẹun Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé sọ níbi ìpàdé ìdàpọ̀ wa ní Súrùlérè)

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayẹyẹ, ṣùgbọ́n ó kan ilé púpọ̀ láàrin wa, láti Súrùlérè dé Yábà, títí dé Múṣin. Kí ni kí a ṣe nígbà tí ẹni wa tí jẹjẹrẹ ti tàn ká ara rẹ̀ kò bá fẹ́ jẹun mọ́?

Àwọn àgbà ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi máa ń bà wá tí aláìsàn bá gbé ojú kúrò lára àwo. Ọmọ á máa pariwo pé, "Mọ́mì, ẹ jẹun o, bí ẹ ò bá jẹun ẹ ó kú!" Àwọn ẹbí tó wá kí wọn á wo bí aláìsàn ti rù, wọ́n á sì kọjú sí ìyàwó rẹ̀: "Kí lò ń fún ọmọ wa jẹ?" Ẹ̀yin ará, àìṣòdodo gbáà ni èyí. Obìnrin tí kì í sùn lóru, tó ń fọ aṣọ tí èébì bà jẹ́, tó ti ta aṣọ ara rẹ̀ kí ó lè ra oògùn, òun náà ni wọ́n tún ń fẹ̀sùn kàn!

KÍ LÓ FÀ Á?

Ẹ jẹ́ kó yé wa pé àrùn náà fúnra rẹ̀ ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu aláìsàn. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti tàn kálẹ̀, òun àti ìjà tí ara ń bá a jà máa ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn èròjà wọ̀nyí ló ń lé ebi lọ, tí ènìyàn á fi yó lẹ́yìn ṣíbí méjì. Àwọn náà ló ń jẹ ẹran ara run, tí aláìsàn á fi máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fún ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ ní oúnjẹ, ara rẹ̀ á bọ̀ sípò. Ti jẹjẹrẹ tó ti dàgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a fi tipátipá bọ́ ọ, ẹran ara tó ti lọ kò ní padà.

Àrùn yìí kò mọ ọlọ́lá, kò mọ ọ̀mọ̀wé. Oníṣègùn ni Dókítà Beko Ransome-Kuti, tó jà fún ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní oṣù kejì ọdún 2006. Irú rẹ̀ náà ló pa Olóyè Gani Fawẹhinmi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí pé aláìsàn rù sọ aya tàbí ọmọ rẹ̀ di ọ̀dájú.

Ẹ rántí Barsillai ará Gileadi. Nígbà tí Dafidi sá fún Absalomu, òun wà lára àwọn tó gbé oúnjẹ wá fún ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ (2 Samueli 17). Nígbà tí Dafidi ń padà lọ ilé, ó fẹ́ san oore: ó ní kí Barsillai bá òun lọ sí Jerusalẹmu kí òun máa bọ́ ọ níbẹ̀. Baba náà ti di ẹni 80 ọdún. Ó dá ọba lóhùn pé òun kò mọ adùn ohun tí òun ń jẹ tàbí tí òun ń mu mọ́ (2 Samueli 19). Kí ni Dafidi ṣe? Kò bínú, kò sì fi agbára mú un. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un. Ẹni tó ti bọ́ wa rí, bó bá ní òun kò lè jẹ mọ́, ìfẹ́ kò tíì tán láàrin wa.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ wá ohun tó ṣeé tún ṣe. Ìgbà mìíràn wà tí nǹkan mìíràn ń dínà oúnjẹ. Ẹ yẹ ẹnu wò: ṣé egbò wà níbẹ̀, tàbí ohun funfun bí òwú? Ṣé ìrora ló ń dà á láàmú? Ṣé èébì ń gbé e? Ọjọ́ mélòó ló ti yàgbẹ́ kẹ́yìn? Mọ́fíìnì dára fún ìrora, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ìgbẹ́ gan, nítorí náà ó yẹ kí dókítà fi oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ kún un. Gbogbo èyí ló ní ìtọ́jú. Ẹ sọ fún dókítà, ẹ má sì tijú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ní kí àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ní ilé ìwòsàn bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Oògùn bíi dexamethasone lè dá ebi padà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà nìkan ló lè pinnu rẹ̀. Ẹ má lọ fúnra yín rà á ní kẹ́míìsì.

2. Ẹ bu díẹ̀, ẹ bù ú lemọ́lemọ́. Àwo ńlá tó kún máa ń dẹ́rù ba aláìsàn. Ẹ lo àwo kékeré, ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tún padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì. Òwúrọ̀ máa ń dára fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ẹ fi mílíìkì tàbí ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná sínú ògì. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹyin, píà, àti ẹja nínú ọbẹ̀ tí kò ta, gbogbo rẹ̀ ló dára. Kò pọn dandan kí ẹ jẹ gbèsè nítorí mílíìkì olówó ńlá tó wá láti òkè òkun. Bí òórùn ọbẹ̀ bá ń rí i lára, ẹ lọ dáná níta, kí ẹ sì jẹ́ kí oúnjẹ tutù díẹ̀. Kí ó jókòó dáadáa nígbà tó bá ń jẹun. Bó bá ń húkọ́ tàbí tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ pe dókítà.

3. Ẹ má fi èèwọ̀ kún ìṣòro rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé kí aláìsàn má fi ẹnu kan ṣúgà rárá kí ebi lè pa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ kì í ti ibẹ̀ kú. Aláìsàn ni ebi á pa. Bí kò bá ní àtọ̀gbẹ, tó sì jẹ́ pé ògì dídùn nìkan ló lè mu, ẹ fún un. Bí ó bá ń mu àgbo, kí dókítà gbọ́. Ẹ̀yin olórí àdúrà, ẹ dákun, ẹ má ní kí aláìsàn yìí gbààwẹ̀. Àwa tí ara wa le ni kí a gbà á fún un.

4. Ẹ má gbójú lé dírípù. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń pe nọ́ọ̀sì àdúgbò pé kó wá gbé omi kọ́. Lítà kan dírípù oníṣúgà tí a mọ̀ jù kò ní ju gíráàmù 50 ṣúgà lọ, bíi ṣúgà oníhóró mẹ́wàá sí méjìlá. Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Nígbà tí òpin bá ti sún mọ́lé, omi yìí lè mú kí ara wú, ó sì lè mú kí mímí nira. Dókítà tó mọ àìsàn náà ni kó sọ bóyá ó yẹ.

NÍGBÀ TÍ ÌLẸ̀ BÁ TI Ń ṢÚ

Ọjọ́ ń bọ̀ tí ara kò ní béèrè oúnjẹ mọ́. Kì í ṣe ebi ló ń pa á nígbà náà. Ara ló ń palẹ̀ mọ́. Ẹ má fi ṣíbí la eyín rẹ̀. Ẹ fi òwú tútù nu ètè rẹ̀, kí ẹ fi fasilíìnì pa á. Ẹ fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, ẹ kọrin tó fẹ́ràn fún un, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oúnjẹ náà nìyẹn.

Ohun tó kan ìjọ ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi. Bí a bá lọ kí aláìsàn, kí a má bi olùtọ́jú rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ ń fún un lóúnjẹ?" Kí a bi í pé, "Ṣé ìwọ fúnra rẹ ti jẹun? Ṣé o ti sùn?" Kí a bá a jókòó ti aláìsàn ní wákàtí méjì kó lè rẹjú. Kí a dá owó ọkọ̀ Ìdí-Àràbà jọ fún un. Bí ẹbí bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kàn án, kí a dìde láàrin wọn, kí a sọ òtítọ́.

Kí Olúwa tu gbogbo ilé tó wà nínú irú ìdánwò yìí nínú, kí ó fún àwọn olùtọ́jú ní okun. Àmín.