Ọkọ̀ Èrò àti Ará Ìlú: Níbo Ni Ìrànlọ́wọ́ Gan-an Wà?



Bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò bá fẹ́ ṣe ará ìlú lóore, wọn a pín ìrẹsì nígbà ọdún, wọn a kó ìwé fún ọmọ iléèwé, wọn a sì ránṣẹ́ pe oníròyìn. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tí ebi ń pa kì í kọ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá bá yín sọ ni pé inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tó tóbi jù wà: iye tí wọ́n ń gbà, ẹni tó ń ráyè wọlé, ẹrù tí wọ́n gbà láti gbé, àti ilé ẹni tí owó iṣẹ́ náà ń bá lọ.

Ẹ wo Èkó. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń lo ooru omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá Carter láti Ìdó wọ Erékùṣù Èkó. Èrò ló ń gbé, ṣùgbọ́n ó tún ń kó ìgbẹ́ jáde láàrin ìlú. Kò sẹ́ni tí yóò pe oníròyìn wá wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìlera gbogbo Èkó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1933 ni wọ́n pa á tì. Bọ́ọ̀sì aládàáni gba ìgboro, ti ilé-iṣẹ́ Zarpas ló lókìkí jù, títí ìgbìmọ̀ ìlú fi ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1958.

Ní ìgbà tiwa, nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2008, láti Mile 12 dé CMS ní Erékùṣù, nǹkan bíi kìlómítà 22, àwọn tí LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò l'Ékòó, kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn awakọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀, NURTW. Ìpinnu yẹn wú mi lórí títí dòní. Wọn ì bá wá àjèjì wá. Àwọn tó ti ń fi dánfó àti mólùè jẹun lójú ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n fà wọlé, tí oúnjẹ ò fi kúrò lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Mile 12. Ọjà ńlá ni, ibẹ̀ ni tòmátì, ata àti iṣu tó ń ti òkè Ọya bọ̀ ti ń balẹ̀. Ibùdó BRT wà lẹ́nu ọjà gan-an, bẹ́ẹ̀ a kò ṣe bọ́ọ̀sì náà fún apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Èrò nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà ìyá aláta tó fẹ́ gbé ọjà lọ sí Kétu tàbí Yábàá á máa wo bọ́ọ̀sì bó ṣe ń kọjá, á sì lọ bá onídánfó, á san tirẹ̀, á san ti ẹrù. Iye tó san lé ẹrù náà ni èmi àti ẹ̀yin ń bá nínú owó ata. Ó dùn mí pé ẹni tó ń bọ́ ìlú ni ọkọ̀ ìlú kò ráyè fún. Bí wọ́n bá yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì díẹ̀, tí wọ́n ń rán wọn jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀bùn ọdún wo ni yóò tó o?

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìjọba Èkó dín owó bọ́ọ̀sì rẹ̀ kù sí ìdajì ní oṣù kẹjọ. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò kan ẹni tó ń wọ dánfó níbi tí BRT kò dé.

Ọ̀ṣun fi ọgbọ́n mìíràn hàn wá. Nígbà tí Ògbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, ìjọba ibẹ̀ máa ń ṣètò ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó lọ sí Òṣogbo nígbà Iléyá àti Kérésìmesì. Ìgbà ọdún gan-an ni owó ọkọ̀ máa ń fò sókè, ìgbà náà ni oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò rí já jẹ máa ń sọ pé ó dìgbà míì kóun tó lọ kí ìyá òun. Ọkọ̀ yẹn gbé e délé, kì í sì í ṣe àánú ni wọ́n fi ṣe é, ọmọ ìlú ni wọ́n kà á sí.

Àwọn aláàbọ̀ ara pẹ̀lú ò gbọdọ̀ máa bẹ̀bẹ̀. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 ti fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ọkọ̀ èrò. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kì í ṣe ẹrù tí kọ̀ńdọ́ yóò máa ṣírò.

Ní oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Agbádo lọ sí Òyìngbò. Agbádo wà létí Ògùn, ọ̀pọ̀ tó ń sùn lọ́hùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ohun tí mo ń bẹ àwọn alákòóso ọkọ̀ náà ni pé kí wọ́n tó tún ètò àkókò rẹ̀ ṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ ké sí àwọn ìyálọ́jà Òyìngbò àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, kí wọ́n bi wọ́n léèrè aago tí wọ́n ń jáde nílé àti aago tí wọ́n ń padà.