Bí Mọ́tò Akẹ́rù Bá Dàgbà

(Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka Kánò)

  N kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìdí mọ́tò àti abẹ́ mọ́tò ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Kò sí ilé kan nínú wa tí ọ̀rọ̀ mọ́tò akẹ́rù kò kàn. Ẹni tí kò ní in ń fi ẹrù rán an: àlùbọ́sà àti ẹ̀wà láti ìhín lọ sí Ìbàdàn, gàrí àti obì láti ilé wá. Púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò wọ̀nyí ti dàgbà. Ẹ wo irú Mercedes 207 tí gbogbo wa mọ̀. Ní ọdún 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú mọ́tò náà ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1995. Àbúrò pátápátá nínú wọn ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Mọ́tò àgbà kì í ṣe mọ́tò burúkú. Kì í sábà kú lójijì. A máa kọ́kọ́ ké. Àwa ni a kì í fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún kan mo gbé àlùbọ́sà ìyá kan nínú wa. Kí n tó gbéra, mo rí i pé bẹ́líìtì tí ń yí fáànù ti sán. Mo ní, "Yóò gbé mi dé Ìlọrin." Nígbà tí mo kọjá Tegina, iná pupa ti bátìrì tàn níwájú mi. Mo rò pé bátìrì lásán ni, mo ń lọ. N kò rántí pé bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń ti omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì. Kí n tó dé Kontagora, omi ti hó, gáskẹ́ẹ̀tì ti jó, orí ẹ́ńjìnnì sì ti tẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lójú ọ̀nà. Àlùbọ́sà rà. Owó bẹ́líìtì kò tó owó oúnjẹ tí mo jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ni mo fi san gbèsè ìyá náà.

Nítorí náà, ooru ni ọ̀tá kìíní. Eruku ọyẹ́ a máa dí ojú rédíétọ̀. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́. Omi kànga a máa fi ẹfun sílẹ̀ nínú rẹ̀, bí èyí tí ẹ ń rí nínú kẹ́tùlù. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀; ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sì ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ó gbóná, kí ó má bàa bó yín lójú.

Èkejì ni bíréèkì. Òróró bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí ó ti ń pẹ́. Bí ẹ bá ń fi ẹrù sọ̀kalẹ̀ òkè, tí bíréèkì sì gbóná, omi náà yóò hó, ẹsẹ̀ yóò wọlẹ̀, mọ́tò kò sì ní dúró. Ẹ máa pààrọ̀ òróró náà ní ọdún méjì méjì, kí ẹ sì fi gíà kékeré sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ki gíà bọ̀ ọ́ tí ẹ gbọ́ "gbà!" lábẹ́, tàbí tí mọ́tò ń gbọ̀n lórí eré, ẹ wo oríkèé ọ̀pá tí ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn. Bí ó bá já níwájú, ọ̀pá náà lè gún ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni táyà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ń dán lè jẹ́ arúgbó.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú sí mi. Ẹrù mọ́tò 207 kò ju bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Bí àpò àlùbọ́sà kan bá tó 100 kílò, mẹ́wàá péré ti kún un. Àpò tí ẹ ní kí a "fi há ibẹ̀" ni ó ń ṣẹ́ sípíríǹgì, tí ó ń bẹ́ táyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ni mọ́tò, bí awakọ̀ yín bá ní, "Mọ́tò yìí kò lè lọ lónìí," ẹ má ṣe lé e kúrò níṣẹ́. Lóde òní, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá kú sínú igbó lóru kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé bá a. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe ní Kánò níhìn-ín, níbi tí a ti mọ ara wa, kí a lè dé ilé.