Ìbàdàn Wo Ni Ẹ Ń Wí?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

Ohun tí olùkọ́ mọ̀ dájú ni a sábà máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó dà mí lọ́kàn rú fún ìgbà pípẹ́ ni mo gbé wá síwájú yín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, mo ń kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ibì kan wà nínú ìwé náà tí olúkúlùkù yóò kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ "Ìbàdàn" síbẹ̀. Ẹni tí ó tò tẹ̀ lé e yọjú wo ìwé náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìbàdàn wo? Ṣé ọ̀nà Akanran náà ni ó ti di Ìbàdàn?" Ọmọ Bẹyẹrúnkà ni ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín yìí, abúlé kan lọ́nà Akanran ni a sì bí èkejì sí. Kí n tó gbé ojú sókè, ọ̀rọ̀ ti di aáwọ̀, ó kù díẹ̀ kí ó di ìjà. Wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó, mo ní n óò dá a. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé n kò mọ bí n óò ti dá a.

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti Ìbàdàn, orúkọ ni ó dúró, ilé ni ó ń yí padà lábẹ́ rẹ̀. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ lẹ́nu àgbà ni pé Lágelú, jagunjagun kan tí ó ti Ifẹ̀ wá, ni ó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó sí ẹ̀bá ọ̀dàn, níbi tí igbó àti pápá ti pàdé. A ní ìlú náà parun nítorí pé wọ́n tú aṣọ egúngún kan lójú ọjà, tí tọmọdé tobìnrin fi í ṣe ẹlẹ́yà, ọ̀ràn náà sì fa ogun bá wọn. Lágelú àti àwọn tí ó kù sá gun orí òkè. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Ẹni tí ó bá ń ṣe ọdún Òkèbàdàn, ìyà àti ààbò orí òkè yẹn ni ó ń rántí. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún ìlú mìíràn tẹ̀ dó, wọ́n sì gbé orúkọ èyí tí ó ti parun fún un.

Èyí di Ìbàdàn méjì. Ìkẹta ni ti àwọn ológun. Lẹ́yìn ìgbà tí a fọ́ Òwu, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ilé tí wọn óò padà sí mọ́, ń rìn kiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní nǹkan bí ọdún 1829 wọ́n bá Ìbàdàn, abúlé kékeré kan tí àwọn Ẹ̀gbá ti sá kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì dó síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: àgọ́ ni wọ́n pa, wọn kò wá tẹ ìlú dó. Máyẹ̀ Okùnadé ará Ifẹ̀ ni olórí wọn ní ìgbà náà. Lẹ́yìn ogun Gbánámú ni agbára bọ́ sí ọwọ́ àwọn Ọ̀yọ́, tí Olúyọ̀lé sì ṣe bẹ́ẹ̀ di Baṣọ̀run, ẹni tí ọjà tí ó wà nísàlẹ̀ òkè Mápó yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, Ọjà Ìbà tí a pè pọ̀ di Ọjà'ba.

Nítorí náà, ẹni tí ó wí pé Lágelú ni ó tẹ Ìbàdàn dó kò purọ́. Ẹni tí ó wí pé ọdún 1829 ni a tẹ̀ ẹ́ dó, òun náà kò purọ́. Mo ti rí olùkọ́ tí ó fagi lé ìdáhùn ọmọdé nítorí pé ó mú ọ̀kan, tí ìwé tirẹ̀ sì mú èkejì. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú kan náà.

Ní àkókò kan tilẹ̀ wà tí orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ ilẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní ọdún 1840, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ilẹ̀ Èkìtì, ó sì ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú onílùú. Bí àgbẹ̀ kan ní Èkìtì bá gbọ́ nígbà náà pé "Ìbàdàn ń bọ̀," kò ronú kan òkè Mápó tí kò rí rí. Ajẹ́lẹ̀ ni ó rí, àti ọmọ ogun tí yóò kó iṣu rẹ̀, bí kò bá kó ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó bí Èkìtì Parapọ̀ nìyẹn, àti ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di ọdún 1893. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, inú mi kì í sì í dùn bí a bá ń fi Ìbàdàn yẹn nìkan yangàn ní ibi àpèjẹ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Odi kan yí ìlú yìí ká láyé àtijọ́, èyí tí a fi orúkọ Balógun Ìbíkúnlé pè. Ohun tí ó wà nínú odi ni ìlú, ohun tí ó wà lẹ́yìn odi ni oko. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí rò pé odi náà ni ó pààlà sáàárín ọmọ Ìbàdàn àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn jagunjagun tí ó kọ́ agbo ilé sí Ọjà'ba, sí Bẹẹrẹ, sí ẹ̀gbẹ́ òkè Mápó àti sí Bẹyẹrúnkà, àwọn kan náà ni wọ́n gba ilẹ̀ oko ní ọ̀nà Akanran, ní Lálúpọn, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Mọníyà, ní Ìdí-Ayunrẹ́. Wọ́n fi àwọn ọmọ wọn àti àwọn ènìyàn wọn sí oko. Nígbà tí kòkó dé, àwọn ọmọ náà pẹ́ níbẹ̀ ju bí baba wọn ti rò lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan tí ó ti lo ogójì ọdún ní abúlé pé níbo ni ilé rẹ̀, kò ní dárúkọ abúlé náà fún yín. Yóò ní oko ni òun wà. Ilé òun ń bẹ ní ìgboro, ní agbo ilé báyìí báyìí. Bí ọdún bá dé, yóò wọlé. Bí mọ́gàjí bá kú, yóò wọlé láti wá gbọ́ ẹni tí oyè kàn. Bí òun fúnra rẹ̀ bá kú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń gbé òkú rẹ̀ wálé.

Mo pe àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mi méjèèjì, mo sì bi èyí tí a fi rẹ́rìn-ín pé kí ni orúkọ agbo ilé baba rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀. Èyí tí ó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́ lójijì, nítorí pé ògiri agbo ilé náà àti ti baba tirẹ̀ fara kan ara wọn ní Bẹyẹrúnkà.

N kò ní pẹ́ lórí ohun tí ìjọba òyìnbó fi kún un. Ojú irin dé ní ọdún 1901, a kọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ sí ìhà Dùgbẹ̀, a sì kọ "Ìbàdàn" sára rẹ̀, ní ibi tí àwọn ará Ọjà'ba kò kà sí àárín ìlú. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 gba orúkọ náà, ó sì gbé e kọjá òkun. Mo ti pàdé òyìnbó ọ̀mọ̀wé kan tí ó gbé ọdún mẹ́ta "ní Ìbàdàn" tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Bẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìgbìmọ̀ ìjọba tí ó ń jẹ́ ti Ìbàdàn ń nawọ́ dé ọ̀pọ̀ ìlú tí ó wà ní ìhà Ọ̀ṣun, àwọn ìlú tí ó ní ọba tiwọn.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1991 dé, tí a pín ìgboro sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún. Mẹ́fà mìíràn sì yí wọn ká: Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Mápó tí a wà yìí bọ́ sí Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ẹ wo ohun ìyanu: àwọn méjì tí ìtàn wí pé wọ́n tẹ ìlú dó, ẹ̀yìn ìlú ni a gbé orúkọ wọn lọ, Lágelú sí Ìyànà-Ọ̀fà, Olúyọ̀lé sí Ìdí-Ayunrẹ́, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó gan-an, orúkọ ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tí ó ń wọ̀ sí ni a fi pín in.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń sọ, kí ó wo ìkànìyàn. Ní ọdún 1952 a ka ènìyàn tí ó lé ní 459,000 ní Ìbàdàn, ó sì ju Èkó lọ ní ìgbà náà. Ní ọdún 2006, bí ó bá jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ti ìgboro ni ẹ ń pè ní Ìbàdàn, ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ lé ní 1,330,000. Bí ó bá jẹ́ mọ́kànlá ni, iye náà lé ní 2,500,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì, kò sì sí ẹni tí ó bímọ láàárín iye kìíní àti èkejì. Iye wo ni a fi ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, fún ọ̀nà, fún ilé-ìwé? Mo ti gbọ́ kí ẹnìkan náà lo iye ńlá nígbà tí ó ń yangàn, kí ó sì lo iye kékeré nígbà tí a ní kí ó wá pín olùkọ́ dé àwọn abúlé.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti àwa nìkan. Ọ̀yọ́ tí ó wà nítòsí wa ńkọ́? Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro, Aláàfin Àtìbà gbé orúkọ rẹ̀ wá sí Àgọ́-Ọjà. Ní ọdún 1976 ìpínlẹ̀ kan tún gbà á, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà kì í sì í ṣe Ọ̀yọ́, Ìbàdàn ni. Ohun kan náà gan-an wà ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ìlú kan ń jẹ́ Jilin níbẹ̀, ìpínlẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ náà ń jẹ́ Jilin, ṣùgbọ́n láti ọdún 1954 Changchun ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá sọ fún wọn pé òun ń lọ sí Jilin, wọn yóò bi í pé èwo nínú méjèèjì. Wọn kì í bínú sí ìbéèrè náà. Àwa ni a máa ń bínú.

Mo dé ibi tí ó gbóná báyìí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin ìjòyè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ fi adé lé orí àwọn ìjòyè àgbà Ìbàdàn àti àwọn baálẹ̀ kan, ọ̀ràn náà sì di ti kóòtù. Èmi kò wá dá ẹjọ́ yẹn; bóyá àwọn tí ó kàn jókòó níwájú mi. Ìbéèrè kan ni mo ní: nígbà tí baálẹ̀ abúlé kan ní ilẹ̀ Ìbàdàn bá di ọba, ṣé inú Ìbàdàn ni ìlú rẹ̀ ṣì wà ni, tàbí ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, àgbàlagbà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, tí oko rẹ̀ wà níbẹ̀ tí ilé rẹ̀ wà ní Bẹyẹrúnkà, ọmọ ibo ni? Bẹ́ẹ̀ ni kí á má ṣe yára dá àwọn baálẹ̀ lẹ́bi. Baálẹ̀ ni à ń pe olórí Ìbàdàn pẹ̀lú títí di ọdún 1936 tí ó di Olúbàdàn, ọdún 1934 sì ni a tó kúrò lábẹ́ àṣẹ Ọ̀yọ́. A mọ bí ó ti rí lára ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ohun tí mo rò ni mo fẹ́ sọ, bí ẹ bá kọ̀ ọ́ n kò ní bínú. Èmi kò lè fi odi pààlà orúkọ yìí, nítorí odi ti wó. N kò sì lè fi ààlà ìjọba ìbílẹ̀ pa á, nítorí ìjọba tí ó fà á lè tún un fà lọ́la. Agbo ilé ni mo gbà. Ẹni tí ó bá ní agbo ilé tí ó mọ̀ ọ́n, Ìbàdàn ni ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe oko ni a bí i sí. Mo mọ̀ pé èyí kò tíì tán ọ̀rọ̀ àwọn tí a bí ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Sábó, tí baba wọn àti baba baba wọn ti sin òkú síbẹ̀ láìní mọ́gàjí kankan. Ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un, kí a pe àwọn fúnra wọn wá sọ ọ́. Ní ti ìwé kíkọ, mo bẹ̀ yín kí á máa kọ "ìgboro Ìbàdàn" fún àwọn márùn-ún, "ilẹ̀ Ìbàdàn" fún mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kí olùkọ̀tàn sì máa sọ èyí tí ó ń wí, ti Lágelú ni tàbí ti àwọn ológun.

Alága wa ti gbà fún mi pé ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ a óò gbé ìwé ńlá kan sórí tábìlì. Kí olúkúlùkù mú orúkọ agbo ilé rẹ̀ ní ìgboro wá, àti orúkọ gbogbo abúlé tí àwọn ará ilé náà wà. Ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ dákun, ẹ bi àwọn arúgbó léèrè kí ẹ tó wá, nítorí àwọn abúlé kan ti ń pàdánù orúkọ wọn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì náà ni yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ra gègé àti ìwé náà fún wọn.